Ọ̀dà kì í ṣe ìdọ̀tí

Sí Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ọkàn Rẹ̀ Pín Méjì,

Mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ti ní o máa ń fi karosíìnì fọ èékánná kí o tó wọ kíláàsì, kí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ má baà rí ọ̀dà níbẹ̀. Inú bí mi, mo gbé lẹ́tà kalẹ̀. Ṣé olè lo jà ni?

Ọ̀gá yẹn ní kí o yan ọ̀kan, pé ẹni tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà kì í ya àwòrán, iṣẹ́ ọwọ́ lásán nìyẹn. Ẹ gbọ́ ná! Ta ló gbẹ́ àwọn òpó àti ère tí òun alára fi gboyè? Ní Ifẹ̀ lọ́dún 1989, Moyo Okediji, Bolaji Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ń jẹ́ Ọnà sílẹ̀. Okediji àti Campbell gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Wisconsin, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ ju búrọ́ọ̀ṣì nù. Campbell ló kọ odindi ìwé lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ Yorùbá. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, igi gbígbẹ́ ló gbé e dé Yunifásítì Ifẹ̀, tó fi di olùkọ́ níbẹ̀.

Mo mọ ọmọkùnrin kan tó pa igi gbígbẹ́ tì nítorí àpilẹ̀kọ lórí ilẹ̀kùn ààfin. Orí kejì àpilẹ̀kọ náà kọ̀, kò lọ. Ìgbà tó padà sídìí ìtì igi, tó tún fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn ìpele igi gbígbẹ́, ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín, ló tó yé e pé àwọn ilà tí òun ń pè ní ọ̀ṣọ́ lára ilẹ̀kùn náà, ojú irin ni. Agbẹ́gilére ò dán ibẹ̀ ni. Fọ́tò ò lè sọ ìyẹn fún un.

Níbì kan ṣá, mo gbà fún ọ̀gá rẹ: ọwọ́ a máa purọ́. Má rò pé ohun tó wù ọ́ ló wu ẹni tó ti kú tipẹ́. Bi àwọn àgbà léèrè kó o tó kọ ọ́.

Ní ti àkókò, má wulẹ̀ pín in lọ́gbọọgba, kò ṣeé ṣe. Bí ọjọ́ tí wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pẹ́ńsù àti ìwé kékeré ti tó: ya ère kọ̀ọ̀kan kí o tó gbé fóònù sí i. Àmọ́ ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwòrán tí kò bá àpilẹ̀kọ rẹ tan rárá.

Ó ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ó hàn nínú ìkọ̀wé rẹ. Sùn ná. Àwòrán ìyá ìyá rẹ tí o ní ó dúró láìlójú látọdún tó kọjá ò ní sá lọ. Fojú sí i ní Sátidé. Lọ́jọ́ Ajé, gbé orí tí ò ń kọ lọ́wọ́ nínú àpilẹ̀kọ rẹ pẹ̀lú àwọn àwòrán pẹ́ńsù rẹ lọ bá ọ̀gá, kí o sì fi ìrẹ̀lẹ̀ ṣàlàyé. Bó bá ṣì kọ̀ jálẹ̀, kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka pé o fẹ́ alábòójútó mìíràn. Ẹ̀tọ́ rẹ ni.