Adìyẹ Yín Ò Yé Ẹyin Mọ́: Ṣé Aràn Ni Lóòótọ́?

Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò pé adìyẹ yín ò yé ẹyin mọ́, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Aràn ni, ẹ lọ ra oògùn." Mo ní adìyẹ mẹ́sàn-án lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, ẹyin wọn làwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń jẹ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Nígbà tí mẹ́ta nínú wọn ṣíwọ́ yíyé, mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó ṣe wọ́n, torí oògùn tá a bá fún adìyẹ lè bá ẹyin dé ẹnu ọmọ.

Aràn tó wọ́pọ̀ jù nínú adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni Ascaridia galli. Ó funfun, ó lè gùn tó ìka ọwọ́, inú ìfun ló sì ń gbé. Abo kan lè yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́, ẹyin yìí á bá ìgbẹ́ adìyẹ jáde. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ yẹn, kò tíì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó máa lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí ilẹ̀ tó rin, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọmọ inú rẹ̀ tó gbó. Adìyẹ tó bá ṣà á jẹ lẹ́yìn ìyẹn ló kó aràn. Ọmọ aràn á wọ ara ìfun lọ sá pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún jáde wá dàgbà. Kó tó máa yé ẹyin tirẹ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ.

Kí ló wá kan ẹyin tiwa? Èèpo ẹyin kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù méjì kálísíọ̀mù. Inú oúnjẹ ni adìyẹ ti ń rí i, ara ìfun ló sì ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀. Tí aràn bá kún ìfun, oúnjẹ ò ní wọ ara dáadáa. Adìyẹ á rù, ogbe rẹ̀ á ṣì, ẹyin á dínkù.

Ó tiẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an o, pé kéèyàn fọ́ ẹyin kó bá odindi aràn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ayé kọ́. Ihò kan náà ni ìgbẹ́ àti ẹyin ń gbà jáde lára adìyẹ. Aràn tó bá ṣìnà níbẹ̀ lè gun ọ̀nà ẹyin lọ sókè, kí èèpo sì bò ó mọ́ inú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn mẹ́ta yẹn. Àkọ́kọ́ kò kúrò lórí ìtẹ́, tí ẹ bá sún mọ́ ọn, á wú ìyẹ́, á máa kùn. Ó fẹ́ sàba ni! Adìyẹ ìbílẹ̀ ò dà bí tàwọn oníṣòwò ẹyin: tó bá yé ìwọ̀n tirẹ̀ tán, ó fẹ́ pa ọmọ. Ìkejì, ìyẹ́ rẹ̀ ló ń re káàkiri àgbàlá. Púrótéènì ló pọ̀ jù nínú ìyẹ́, ara ò sì lè máa hu ìyẹ́ tuntun kó tún máa yé ẹyin bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkẹta nìkan ni mo fọwọ́ kan egungun àyà rẹ̀ tó mú bí ọ̀bẹ. Aràn funfun sì wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀.

Ooru náà ń dín ẹyin kù. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe yẹn dùn, ṣùgbọ́n adìyẹ ò ní ohun tó ń mú òógùn jáde lára rárá. Ẹnu ló ń là, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Omi tútù àti ibòji ni oògùn ìyẹn.

Mo kó ìgbẹ́ wọn lọ fún dókítà ẹran, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ká fún gbogbo wọn lóògùn torí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń tú. Piperazine ló kọ fún wa. Kì í sábà pa aràn lójú ẹsẹ̀. Ṣe ló ń mú iṣan rẹ̀ dẹ̀ tí kò fi ní lè dúró mọ́, ìfun á wá gbá a jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Àmọ́ kì í rí àwọn ọmọ tó sá pamọ́ sára ìfun mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ tún un lò, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbowó yín.

Ẹ ka ara páálí oògùn kẹ́ ẹ tó là á. Òmíràn ò yẹ fún adìyẹ tá a ń jẹ ẹyin rẹ̀ rárá, òmíràn ní iye ọjọ́ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹ́. Ẹ má sọ pé iná á pa á, torí oògùn mìíràn wà tí sísè ò ràn. Ara ògiri ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tiwa sí kí ọmọ kankan má baà ṣàṣìṣe.

Ilẹ̀ ló kù. Ẹyin aràn lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa dúró de adìyẹ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń gbá ìgbẹ́ lójoojúmọ́, mo ń jẹ́ kí oòrùn ràn wọ ilé wọn, mo sì ti ṣíwọ́ fífọ́n àgbàdo sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú ọpọ́n ni mo ń bu oúnjẹ wọn sí báyìí, mo sì gbé e ga tó àyà wọn kí wọ́n má baà máa yàgbẹ́ sínú rẹ̀.