Kí O Tó Gbà Kí Wọ́n Pín In

Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹni tó bá dé tábìlì ìkẹyìn nínú ìdíje póká nílò òwe yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi béèrè pé: ṣé ká pín owó yìí ni, àbí ká ta á dópin? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dáhùn láì tíì mọ iye tó ti di tiwọn.

Ẹ wo Las Vegas lọ́dún 2003. Èèyàn 839 ló wọ ìdíje àgbà World Series of Poker, tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là. Nígbẹ̀yìn, ó ku ẹni méjì. Chris Moneymaker, oníṣirò owó láti Tennessee, ti inú ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Sammy Farha, tí wọ́n bí ní Lebanon, ọ̀gá ni nídìí káàdì, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Mílíọ̀nù 2.5 dọ́là wà fún ẹni kìíní, mílíọ̀nù 1.3 fún ẹni kejì. Moneymaker ní kí àwọn pín in dọ́gba. Farha kọ̀. Wọ́n padà sídìí tábìlì, Moneymaker sì gbégbá orókè.

Ó rọrùn láti gbọ́ ìtàn yìí ká pe Farha ní olójúkòkòrò. Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mílíọ̀nù 1.3 ti di ti olúkúlùkù wọn, ẹni tó bá fìdí rẹmi náà yóò gbé e lọ sílé. Mílíọ̀nù 1.2 tó ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n ń dù. Bí wọ́n bá pín ìyẹn sí méjì, mílíọ̀nù 1.9 ni kálukú yóò gbà. Ẹni tó bá kọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń sọ pé bí àwọn bá ta á lẹ́ẹ̀mẹwàá, òun yóò jẹ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Chips, àwọn àmì tí wọ́n fi ń ta á, tó wà níwájú Moneymaker pọ̀ ju ti Farha, nítorí náà ìrírí ni Farha gbójú lé. Ó sì ní in. Ìpinnu rẹ̀ ní ìdí, bí àbájáde rẹ̀ kò tilẹ̀ dára, kò sì yẹ ká fi àbájáde alẹ́ kan ṣèdájọ́ nínú eré tí káàdì kan ṣoṣo lè dà rú.

Ṣùgbọ́n ìrírí ń fẹ́ àyè. Blinds, owó méjì, kékeré àti ńlá, tó di dandan kí a gbé sílẹ̀ kí a tó rí káàdì, ń ga sí i bí àkókò ti ń lọ. Bí gbogbo chips rẹ kò bá ju ìlọ́po mẹ́wàá blind ńlá lọ, kò sí ibi tí o ti máa dá ọgbọ́n mọ́: àfi kí o kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí o ju káàdì nù. Ọ̀gá tó bá kọ ìpín tó dára ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun mọ̀ ọ́n ta, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Inú ìṣirò ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù. Ká ní ẹni mẹ́ta ló kù, tí ẹ̀bùn sì jẹ́ 100,000, 60,000 àti 40,000 dọ́là. Ẹnì kan ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo chips, àwọn méjì yòókù ní ìdá 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí chips rẹ̀ pọ̀ jù yóò ní: ẹ jẹ́ ká fún gbogbo wa ní 40,000, ká wá fi iye chips pín ìyókù. Ó dún bí òdodo létí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é wò: 104,000 ni yóò bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó ju ẹ̀bùn ẹni kìíní lọ, láì tíì lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí tábìlì! Àwọn méjì yòókù á gba 48,000. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní ICM a máa wo bó ti ṣeé ṣe tó kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ipò kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta. Òun yóò fún ọ̀gá chips ní nǹkan bí 91,600, yóò sì fún àwọn yòókù ní nǹkan bí 54,200. Ju 6,000 dọ́là lọ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ìbá pàdánù nítorí àìbéèrè. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

ICM náà kò mọ ẹni tó mọ káàdì ta, nítorí náà kò burú kí ọ̀gá béèrè ohun tó lé díẹ̀. Kó má kàn jẹ́ pé òun nìkan ni yóò kó o tán. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: àwọn tó kù lè kọ̀ jálẹ̀, kí chips rẹ̀ sì tú dànù láàárín wákàtí kan.

Wo ilé rẹ pẹ̀lú. Bí owó ìpín náà yóò bá san gbèsè tó ń gba oorun lójú rẹ, tàbí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, gbà á, bó tilẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ti ICM. Bí ẹlòmíràn bá bá ọ dá owó ìwọlé, pè é kí o tó fèsì, owó tirẹ̀ wà níbẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ pín, kọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ariwo tàbí àárẹ̀ òru mú ọ. Láìjẹ́ pé gbogbo yín gbà, kò sí ìpín.

Má sì gba ìpín abẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ ẹni tí ilé tẹ́tẹ́ sanwó fún ni ìwé owó orí ń tẹ̀ lé, ó sì lè wá jẹ́ pé ìwọ nìkan ni ìjọba yóò máa bi léèrè owó tí ẹ jọ pín. Ní kí alámòójútó dá aago dúró, kó kọ iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kò sáyè fún ìyẹn, sọ fún wọn pé káàdì ni kí wọ́n pín.