Abèèrè Kì Í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Ṣókí fún Olùkọ́ Yunifásítì

Abèèrè kì í ṣìnà. Arìnrìn-àjò nìkan kọ́ làwọn àgbà pa òwe yìí fún. Ó bá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà wí, ẹni tó lè ka orúkọ àwọn ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀lé ara wọn, àmọ́ tí kò mọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Àwa tí à ń kọ́ ọ la sọ ọ̀rọ̀ ìlú di ohun àhásórí. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti ń ka ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Ó dé yunifásítì, ó tún bá a pàdé nínú ẹ̀kọ́ GST tó kan gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, nínú gbọ̀ngàn tí èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, tí àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Yóò ra ìwé pélébé (ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń tà á), yóò há a, yóò pọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí. Ẹni tó gba máàkì 80 níbẹ̀ lè má tíì fẹsẹ̀ tẹ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi kò ju pé kí ẹ rán wọn lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Òfin ti wà fún un. Lóṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Láàárín ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn; bí ìwé tí wọ́n fẹ́ wá bá pọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá fi dù ú láìtọ́, ìtanràn 500,000 náírà ló wà nínú òfin náà. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan fẹ́ràn láti máa wí pé òfin Àbújá ni, kò kan àwọn. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́: ó kan tòkè-tilẹ̀.

Ẹ pín kíláàsì sí ẹlẹ́ni márùn-márùn-ún. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tí ojú wọn ń rí lójoojúmọ́: ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi mọ́, ilé ìwòsàn tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ, ariwo ni yóò jẹ́: "Kí ló dé tí ẹ ń kówó wa jẹ?" Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sí i, kí ẹ bi wọ́n pé ìwé wo gan-an ni wọ́n ń fẹ́ rí. Bí wọ́n bá tún un kọ, tí wọ́n tún un kọ, yóò wá di: "Èló ni wọ́n fọwọ́ sí fún ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà? Lọ́dún wo? Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún? Èló ni wọ́n ti san fún un?" Ojú ìwé kan ti tó. Kí wọ́n mú ẹ̀dà méjì lọ, kí akọ̀wé tó gba ọ̀kan fi òǹtẹ̀ àti déètì lu ìkejì, nítorí láìsí òǹtẹ̀, lẹ́tà náà kò dé ibì kankan.

Akọ̀wé yẹn kò ní ṣàì béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló rán yín wá?" Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A ò bá tìjà wá, òfin ló gbà wá láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi òǹtẹ̀ lù ú." Kí wọ́n kí i dáadáa, kí wọ́n má sì gbé lẹ́tà wọn padà. Mo ti rí olùkọ́ tó rò pé ẹni tó bá gboyà kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Ilẹ̀ wa kọ́ ló ti kọ́ irú ìyẹn.

Ẹ má fi èsì fún wọn ní máàkì, torí èsì lè má dé. Àkọsílẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò: ta ni wọ́n bá, kí ló sọ, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí ọjọ́ pé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Lẹ́tà ìránnilétí ń bẹ, ètò orí rédíò tí ará ìlú ń pè sí ń bẹ, ìkànnì Tracka tó jẹ́ ti àjọ BudgIT náà ń bẹ, tí wọ́n ń ya fọ́tò iṣẹ́ àgbàṣe tí wọ́n pa tì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ, ẹ má sì bi ọmọ kankan nípa ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé ẹ̀kọ́ tó fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó wá ń kọ́ wọn ní ìjọba tiwa-n-tiwa lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kò ní gbà á gbọ́. Níbi tí ẹgbẹ́ bá wà, kí iṣẹ́ àṣetiléwá kan jẹ́ kíka ìṣirò owó ẹgbẹ́ náà. Olùdíje tó ń pín dátà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì lónìí ni yóò pín ìrẹsì lọ́la.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìtàn ìgboyà fún wọn, ẹ mú ti oṣù kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lọ fẹ̀hónú hàn nílé aṣòfin l'Ékòó lórí àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n dojú kọ. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà.

Ti ìbò kù. Ní ọdún 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ju mílíọ̀nù 26 lọ nínú wọn, síbẹ̀ àwọn tó dìbò ààrẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìforúkọsílẹ̀ parí ní ìparí oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ṣì lé ọmọ sílé. Ìjọba ní láti ti yunifásítì pa láti ọjọ́ 22 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2023 nítorí ìbò. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, ẹ bi wọ́n pé níbo ni orúkọ wọn wà. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, tí orúkọ rẹ̀ wà ní Ìkàrẹ́, lè ní kí àjọ elétò ìdìbò INEC gbé e wá sí ìtòsí. Bí kò bá fẹ́, kó ti máa tọ́jú owó ọkọ̀.