Àjàní, Má Dá Ẹrù Yìí Rù

Abẹ́òkúta

Àjàní ọkọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru, mo sì tún un gbọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n má baà ṣì ọ́ gbọ́. O ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni oorun ti dá lójú rẹ. O ní o gbààwẹ̀ títí, ààwẹ̀ aláìmomi, síbẹ̀ ọkàn rẹ kò fúyẹ́. O wá ní ó dà bíi pé ìgbàgbọ́ rẹ ti kú, nítorí kò yẹ kí ẹni tó gba Jésù gbọ́ máa fẹ́ kí ilẹ̀ má mọ́ bá òun. Ibẹ̀ ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀ tí mo mú gègé. Ohun tó bá wà nínú ìwé, èèyàn lè padà kà á lóru tí kò bá mọ ẹni tí yóò pè.

Àjàyí Crowther kò ṣàjèjì sí ọ. O mọ̀ ọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí ìyá àgbà fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Èyí tí wọn kì í sọ fún yín ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fẹ́ sọ. Ní 1821, ogun kó ìlú wọn, Òṣogùn, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ bíi ọdún 12 tàbí 13 ni. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé pé kí wọ́n sá. Ìgbà tó fojú kàn án kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ju okùn sọ́rùn òun àti ìyá rẹ̀, wọ́n fà wọ́n lọ. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà etíkun ni wọ́n ń mú òun lọ, ẹ̀rù bà á débi pé ó pinnu láti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ní 1837 ló kọ lẹ́tà náà sí akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S., pé òru mélòó kan ni òun gbìyànjú rẹ̀ tí àyà òun kò gbà á. Ó bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì nínú lẹ́tà náà, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Jọ̀wọ́, rò ó dáadáa. Nígbà tí à ń wí yìí, ó ti ṣèrìbọmi, ó ti di tíṣà, ó ti láya sílé. Iwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ni lẹ́tà ọ̀hún ń lọ. Ì bá fò ó dá, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nítorí lẹ́tà yìí ju nítorí oyè bíṣọ́ọ̀bù lọ.

Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ní 1846, nílùú wa níbí, ó tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀: bí wọ́n ṣe di ara wọn mú, tí wọ́n ń wo ara wọn láìlè fọhùn, tí omijé ń dà lójú ìyá náà. Ní 1848 ìyá rẹ̀ ṣèrìbọmi. Má rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo ẹkún ní í di ẹ̀rín. Ní 1890, nígbà tó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere òyìnbó dójú tì í nídìí iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe létí odò Ọya, ó sì kú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà yanjú. Ṣùgbọ́n ọmọ inú òru ọjọ́sí kò mọ̀ pé òun yóò tún rí ìyá òun. Ìrora ló ń bá a sọ̀rọ̀, ìrora kì í sì í ríran jìnnà. Òun náà ló ń bá ìwọ sọ̀rọ̀ yìí.

Lọ ka Orin Dáfídì 88. Púpọ̀ nínú àwọn orin ẹkún ìyókù a máa yí sí ìyìn kó tó tán. Eléyìí kò yí. Inú òkùnkùn ló parí sí, ó sì wà nínú Bíbélì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń pe Ọlọ́run. Ìwọ tí o ṣì ń bi mí bóyá ìgbàgbọ́ rẹ ti kú, ibo ló ti kú?

Ní ti ààwẹ̀, dá a dúró lónìí. Mo mọ ohun tí mò ń wí, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́, sọ pé èmi ni mo ní kí o ṣínu. Nígbà tí o wá ṣe Kérésìmesì, òkèlè kan ṣoṣo ni o fi ń yí inú ọbẹ̀ ká títí ọbẹ̀ fi dì. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ti fẹ̀ jù ọ́ lọ́rùn. Bí àwọn àbúrò rẹ bá rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tìrẹ a máa pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀lé tiwọn. Nínú 1 Ọba 19, Èlíjà tọrọ ikú nínú aginjù. Áńgẹ́lì tó tọ̀ ọ́ wá kò bá a wí, kò sì lé ẹ̀mí kankan jáde lára rẹ̀. Oúnjẹ orí ẹ̀yinná àti omi ló gbé wá. Èlíjà jẹun, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i pé kó tún jẹ. Ó di Hórébù kí Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọlọ́run tó mọ̀ pé ara ni wá kò ní bínú sí ọ nítorí àwo ìrẹsì kan.

Mo tún fẹ́ kí o rí dókítà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìntì, n kò sì rí alárùn ìtọ̀ ṣúgà kan tí ìjọ sọ fún pé oògùn rẹ̀ fi hàn pé kò nígbàgbọ́. Èwo wá ni ti ọpọlọ? Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Mo mọ̀ pé orúkọ Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbí, ń bà ọ́ lẹ́rù, nítorí a ti sọ ọ́ di èébú. Ṣùgbọ́n ohun tí Dókítà Lambo ṣe níbẹ̀ láti 1954 ni pé ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé àyíká, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú, kí wọ́n sì sùn láàárín èèyàn. Ó mọ̀ pé a kì í dá nìkan sàn. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jókòó de dókítà níbẹ̀, oorun tó dá lójú wọn àti ìrẹ̀wẹ̀sì bíi tìrẹ ló gbé wọn wá, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ gba ẹnu iṣẹ́ wọn lọ.

Mo ti bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n gbé ti ilé àdúrà kan dé. Egbò yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ebi ti hàn án léèmọ̀, wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ni àwọn ń febi pa. Nítorí náà, wòlíì tó ní kí o má gbé fóònù àwọn ará ilé bàbá rẹ, pé ọwọ́ ayé ni, n kò ní bá a jà. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o jìnnà sí gbogbo ẹni tó lè bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, má gbọ́ tirẹ̀. Padà sáàárín àwọn akọrin ìjọ rẹ. Bí ohùn kò bá jáde, jókòó tì wọ́n. Bí àdúrà gígùn kò bá ṣeé gbà, pe orúkọ Jésù kí o sì dákẹ́, Ó gbọ́.

Mo fẹ́ bi ọ́ láìfọ̀rọ̀ bò: ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má dúró de ìgbà tí o bá ka ìwé yìí tán. Pè mí, ní wákàtí yòówù kó jẹ́. Sọ fún ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé, kó má fi ọ́ sílẹ̀ nìkan, kó mú ọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Mo ti fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Wọkọ̀ ní Bẹ́gà ní Sátidé, màá wà ní gárééjì Kútọ̀ kí o tó dé. Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀, a ó jọ lọ ní Mọ́ńdè. Bàbá rẹ mọ̀ pé ò ń bọ̀. Kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan nípa iṣẹ́, mo ti kìlọ̀ fún un. Mú aṣọ òtútù dání, òjò ń rọ̀ níbí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ìyá rẹ l'Abẹ́òkúta