Àpótí Ìmọ̀: Fáànù Onírin àti Fáànù Oníke Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń to kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ a máa rò pé, níwọ̀n bí irin ti ń gba ooru ju ike lọ, fáànù onírin ni yóò mú ẹ̀rọ tutù jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, nítorí kì í ṣe ara fáànù ni ó ń kó ooru lọ bí kò ṣe atẹ́gùn tí ó ń fẹ́. Ike fúyẹ́, mọ́tò kékeré tí ń lo iná fólítì 12 sì ń yí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fáànù mìlímítà 120 tí à ń rí nínú kọ̀ǹpútà ilé fi jẹ́ oníke.

Irin náà kò ṣàìní ibi tirẹ̀: nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, níbi tí ooru ti le koko, férémù àlùmíníọ̀mù kì í tẹ̀, kì í sì í gbiná bí ike; bẹ́ẹ̀, apá ike ni púpọ̀ nínú àwọn onírin wọ̀nyí pàápàá ní.

Bíárìn, níbi tí ọ̀pá fáànù ti ń yí, ni ó yẹ kí òǹrajà bèèrè jù. Èyí tí ó ní bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ nínú a máa pẹ́ níbi gbígbóná ju èyí tí òróró nìkan ń gbé lọ, bí ó tilẹ̀ ń pariwo díẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà ilé, ra oníke tí bíárìn rẹ̀ dára, kí o sì máa gbọn eruku rẹ̀ nù.