Agbárí Ẹran fún Ẹ̀kọ́: Bí A Ti Ń Fọ̀ Ọ́ Mọ́ Tí A Sì Ń Sọ Ọ́ Di Funfun

Nígbàkúùgbà tí a bá jáde lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ohun tí a máa ń ṣe aláìní jùlọ ni ohun tí a lè gbé ka iwájú àwọn ọmọ. Àwòrán dára, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè ti ìka bọ ẹnu àwòrán. Nítorí náà ni àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé iyàrá kan ṣe gbìmọ̀ pọ̀, pé kí a tọ́jú agbárí ẹran kan fún ẹ̀kọ́ lórí eyín àti oúnjẹ àwọn ẹranko. Díẹ̀ nínú ohun tí a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni a rí nínú ìwé. Èyí tí ó pọ̀ jù ni a fi àdánù kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti àdánù náà. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, aládùúgbò kan fún wa ní orí àgbò. A gbé e ka iná láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, omi ń hó láìdáwọ́ dúró. Nígbà tí ẹran ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, a da omi kúlóríìnì tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń sọ aṣọ di funfun lé e lórí, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó jáde, ó funfun bí ẹfun, inú wa sì dùn púpọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí egungun imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ògiri tí òjò ti pa. Ní ọjọ́ tí a gbé e lọ sí iwájú àwọn ọmọ, bí a ti fi ọwọ́ gbé e ní imú báyìí, imú dá, eyín sì tú ká sílẹ̀. A kúnlẹ̀, a ń ṣa eyín. A rí ti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n a wá eyín iwájú ti òkè títí, a kò rí ẹyọ kan. Nígbà náà ni ọmọ kékeré kan, ọmọ alápatà, dìde, ó ní, “Ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́, sà. Àgbò kì í ní eyín iwájú lókè.” Olùkọ́ wa tí ó jókòó lẹ́yìn kíláàsì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Títí di òní a kò béèrè ohun tí ó kọ.

Àṣìṣe méjì ni a ṣe ní ọjọ́ náà, a ó sì padà sórí ti eyín. Ti egungun ni a kọ́kọ́ wádìí. Egungun kì í ṣe òkúta lásán. Nǹkan méjì ni ó para pọ̀ di egungun: èkíní le, ó sì rí bí ẹfun, èkejì rọ̀, ó yi bí okùn, òun ni ó di ti àkọ́kọ́ mú kí ó má baà fọ́. Bí a bá se egungun nínú omi tí ń hó gidigidi, ohun tí ó yi náà yóò yọ́ di bí àtè, yóò sì bá omi lọ. Omi kúlóríìnì ń jẹ ohun kan náà yìí, kò sì dẹ́kun kíákíá. Ìdí nìyí tí agbárí wa fi ń bàjẹ́ lọ lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́ tán. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti fíníígà, tí àwọn kan gbà wá níyànjú láti lò, ibòmíràn ni ìjà tiwọn dé, nítorí wọ́n ń jẹ èyí tí ó le. Ẹ fi egungun itan adìẹ sínú fíníígà fún ọjọ́ mélòó kan, yóò rọ̀ títí tí ẹ ó fi lè tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́. Èyí tìkára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ rere fún kíláàsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú agbárí tí a fẹ́ tọ́jú.

Níbo ni a ó ti rí orí ẹran? Lọ́wọ́ alápatà ni. Orí ẹran kì í ṣe ohun ìdànù ní ilẹ̀ wa, nítorí náà kí a má retí pé a ó rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi àáké la orí náà láti mú ọpọlọ, kí ó má sì wi í nínú iná títí yóò fi jóná. Bí ẹni tí ó ni orí bá fẹ́ jẹ ẹran ibẹ̀, èyí tí ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kí a bẹ àwọn ìyá tí ń se oúnjẹ kí wọ́n fi iná jẹ́jẹ́ sè é, láìfi epo pupa sí i, nítorí epo ń wọ inú egungun, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò. Ẹran tí ó ti dàgbà ni kí a yàn. Agbárí ọmọ ẹran kò tí ì so pọ̀ dáadáa. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi, yóò tú sí wẹ́wẹ́.

Àwọn orí kan wà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹran tí a bá òkú rẹ̀ nílẹ̀, tí a kò mọ ohun tí ó pa á, kí a fi í sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023 ni a rí àrùn anthrax lára àwọn ẹran ọ̀sìn kan ní Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger, àrùn náà sì lè ti ara ẹran ran ènìyàn. Orí ajá, kí a yàgò fún un nítorí dìgbòlugi, tí ń gbé inú ọpọlọ àti itọ́ ajá. Orí èkúté ilé, rárá, nítorí ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 tí a sì fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ra orí akika tàbí ti àmọ̀tẹ́kùn lọ́wọ́ àwọn tí ń ta lẹ́kúlẹ́jà, nítorí àwọn ẹranko wọ̀nyí ń tán lọ nínú igbó, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 sì dáàbò bo irú wọn. Ewúrẹ́ tó fún ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rẹ̀. Òbúkọ tí a tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí.

A wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a fi ọ̀bẹ gé awọ, ahọ́n, ojú àti ìwọ̀n ẹran tí ó rọrùn láti gé, a sì gbẹ́ ihò jíjìn bò wọ́n kí ajá má baà hú wọn. Ọpọlọ ni ó gba sùúrù. Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn agbárí níbi tí ọrùn ti wọlé; a fi wáyà tí a tẹ̀ ní ẹnu tú ọpọlọ náà láti inú ihò yìí, a ń da omi sí i, a ń mì í, a ń dà á nù, títí omi fi mọ́. A kò ti wáyà bọ ihò imú, nítorí àwọn egungun tín-ín-rín tí ó ká bí ìwé wà níbẹ̀, wọn a sì máa fọ́.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa, ó di ti àwọn kòkòrò wínníwínní tí ojú kò lè rí. A fi orí náà sínú korobá, a bu omi lásán bò ó mọ́lẹ̀, a dé e kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin sí i, a sì gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, ní ìsàlẹ̀ ọgbà, jìnnà sí kànga àti sí ilé. A kò fi ọṣẹ sí i, a kò sì fi oògùn kankan sí i, nítorí èyí ni yóò pa àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún a ń da díẹ̀ nínú omi náà sí ihò, a sì ń fi tuntun kún un. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ti òórùn rẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ alágbára lórí pápá bọ́ọ̀lù kò lè dúró tì í. Inú asẹ́ ni a máa ń da omi náà gbà, nítorí eyín iwájú a máa yọ́ jáde láìròtẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sì da eyín nù kò lè rà á lọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èèpo ìwo bọ́ lára egungun tí ó wà nínú rẹ̀ bí ọ̀bẹ ti ń bọ́ nínú àkọ̀. A fọ̀ ọ́, a gbé e pamọ́ lọ́tọ̀, nítorí èèpo ìwo kò rí bí egungun, oògùn ìfunfun sì ń bà á jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹran ti tán lára agbárí.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ta ẹja gbígbẹ mọ kòkòrò kan tí ọmọ rẹ̀ nírun lára, tí ń jẹ ẹja di ìyẹ̀fun. Kòkòrò tí àwọn obìnrin ọjà ń bá jà yìí ni àwọn ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sìn nínú àpótí, kí ó lè bá wọn jẹ ẹran kúrò lára egungun kéékèèké láìba ohunkóhun jẹ́. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sìn ín ní ilé-ibùsùn wa. Bí ó bá jáde, yóò bá oúnjẹ jẹ, yóò sì bá awọ ìwé jẹ. Sísin orí sínú ilẹ̀ kò tún dára: ilẹ̀ pupa wa ń pa egungun láró.

Nísinsìnyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kánjú. Egungun ti mọ́, wọ́n rò pé ó kù kí a sọ ọ́ di funfun. Ọ̀rá kù nínú rẹ̀! Bí a kò bá yọ ọ́, egungun yóò funfun lónìí, yóò sì pọ́n padà ní oṣù tí ń bọ̀. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo ni a lò, a ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ṣú. Ti òbúkọ yìí gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbárí ẹlẹ́dẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì gbé e lọ sí ibi tí ọmọ àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí láìkọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé kí ẹ fi pẹtiróòlù yọ ọ̀rá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì ṣe é: iná ni ó ń pè.

Oògùn ìfunfun tí ó tọ́ ni háídírójìn pẹrọ́sáìdì, èyí tí a ń tà ní ilé oògùn fún fífọ egbò, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú 100. A dà á sínú abọ́ oníke, kì í ṣe irin, a rì agbárí sínú rẹ̀, a sì gbé e sí ibi òkùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń sọ agbára rẹ̀ di asán. A fi ọmọrí bò ó láìdì í pa, nítorí afẹ́fẹ́ ń tinú rẹ̀ jáde, ó sì lè fọ́ ohun tí a bá dì pa. Ní ọjọ́ kejì ó ti funfun. A fi omi ṣan án, a sì sá a sí ibòòji. Àwọ̀ rẹ̀ kò tàn tó ti àgbò wa ìjọ́sí, ṣùgbọ́n bí a ti ń lù ú, ó ń dún bí àwo.

Gọ́ọ̀mù funfun ni a fi lẹ àwọn eyín padà, a sì fi so ìhà méjèèjì àgbọ̀n ìsàlẹ̀ pọ̀, nítorí ti ewúrẹ́ a máa pínyà.

Ní ti eyín, a ti kọ́ ẹ̀kọ́ wa báyìí. Ewúrẹ́ ní eyín 32. Mẹ́jọ wà níwájú nísàlẹ̀, kò sí rárá níwájú lókè. Èrìgì líle ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó ń gbá koríko mú mọ́ eyín ìsàlẹ̀. Ọ̀yà ní 20, ti iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì dẹ́kun àti máa dàgbà títí tí yóò fi kú. Wọ́n pọ́n bí ọsàn, bí Ọlọ́run ti dá wọn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú láti fọ̀ wọ́n di funfun. Ẹlẹ́dẹ̀ ní 44. Ọmọ ewúrẹ́ ní eyín iwájú kéékèèké mẹ́jọ. Ní nǹkan bí ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀, méjì àárín a bọ́, ńlá a sì rọ́pò wọn, lẹ́yìn náà méjì méjì lọ́dọọdún títí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò fi pé. Ọmọ alápatà ni ó ṣàlàyé èyí fún kíláàsì nígbà tí a padà lọ. Àwa kàn di agbárí mú fún un ni.

Ohun kan kù tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Ẹni tí a bá rí pẹ̀lú agbárí ní ìlú, pàápàá ní alẹ́, àwọn ènìyàn yóò béèrè irú oògùn tí ó fẹ́ ṣe, a kò sì lè bá wọn wí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré náà ni a kọ́kọ́ sọ fún, lẹ́yìn náà baálé tí ọgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ọ̀sán gangan ni a gbé e, nínú apẹ̀rẹ̀ tí a kò bò, pẹ̀lú ìwé pélébé tí a so mọ́ ìwo rẹ̀. Ìyá àgbà kan pè wá, ó ní kí ni a fẹ́ fi ṣe. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Ó wò ó yí ká, ó fi ìka kan eyín rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sáà má gbé èkejì gba iwájú ilé mi nígbà tí ó bá ń rùn.”

Agbárí náà wà nínú àpótí gíláàsì ní ẹ̀yìn yàrá ìkàwé, pẹ̀lú káfúrà díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ nítorí kòkòrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yá a fún ẹ̀kọ́ lè béèrè lọ́wọ́ wa. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe ní imú, kí ó sì ka eyín rẹ̀ kí ó tó dá a padà. Wọ́n jẹ́ 32.