Kí A Tó Dẹ Igbó Onígbó, Ẹ Jẹ́ Kí A Gba Ìyọ̀ǹda



 Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ojú kékeré wò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí ewéko gbẹ, àwọn ọ̀dọ́ a kó ajá àti àdá, wọn a di inú igbó, wọn a máa lé ọ̀yà àti òkété kiri. Ta ni ó ni igbó náà? Ta ni a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó wọ ibẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ wò lójú ẹ̀sìn.

ỌDẸ ṢÍṢE KÒ BURÚ

Islām kò kọ ọdẹ. Nínú Súrà Al-Mā'idah, āyah 4, Ọlọ́hun ṣe ẹran tí àwọn ẹranko ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú ní ẹ̀tọ́ fún wa, bí a bá ti dárúkọ Rẹ̀ sí i. Nínú Súrà yìí kan náà, āyah 95, Ó kọ ọdẹ fún ẹni tí ó ti gbé ihrām wọ̀. Adiyy ọmọ Hātim (r.a.), tí ó máa ń fi ajá dẹgbó, bi Ànábì wa Mùhámmádù (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa iṣẹ́ yìí. Lára èsì tí ó gbà ni pé bí ajá bá ti jẹ nínú ẹran náà, kí ó má ṣe jẹ ẹ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ajá mú un fún. Al-Bukhārī àti Muslim ni wọ́n gba hádíìsì yìí wá.

Ẹ kíyè sí i: iṣẹ́ tí ó jẹ́ háláálì ṣì ní ìlànà. Ẹran lè jẹ́ háláálì, kí ọ̀nà tí a gbà dé ìdí rẹ̀ má sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

ILẸ̀ NÍ ẸNI TÓ NI Í

Nínú Súrà An-Nūr, āyah 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwa títí a ó fi gba ìyọ̀ǹda, tí a ó sì kí àwọn ará ibẹ̀. Bí a kò bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí a má wọlé. Bí wọ́n bá ní kí a padà, kí a padà. Èyí ni ó mọ́ jù fún wa.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ilé ni āyah yìí ń sọ, oko kì í ṣe ilé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Abdullāh ọmọ Umar (r.a.) gbà wá lọ́dọ̀ Ànábì (s.a.w.), tí ó wà nínú Al-Bukhārī àti Muslim: kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fún wàrà ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda. Ànábì fi ọmú ẹran náà wé yàrá tí ènìyàn ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, ó sì bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò fẹ́ kí a já wọ yàrá òun kí a kó oúnjẹ òun lọ. Ìta gbangba ni ẹran ń jẹ̀, síbẹ̀ Ànábì kà á sí àká olówó rẹ̀. Mélòó-mélòó wá ni oko ẹ̀gẹ́, oko kòkó tàbí ebè iṣu tí ènìyàn fi òógùn ojú rẹ̀ kọ?

Lóòótọ́, igbó kìjikìji wà tí àwọn ará ìlú ti fi sílẹ̀ fún ọdẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Níbi tí àṣà ìlú bá ti yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn, àṣà náà dúró gẹ́gẹ́ bí ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n oko tí a ro, ilẹ̀ tí a sọgbà yí ká, àti ibi tí olówó rẹ̀ ti fi àmì sí pé kí a má wọ̀, ìwọ̀nyí kò sí lára rẹ̀.

EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Olóko lè wà nínú ahéré tàbí lábẹ́ igi kòkó, kí ẹ má mọ̀. Ànábì (s.a.w.) kọ̀ kí a máa fi ọmọ ìka ta òkò wẹ́wẹ́, nítorí kò lè pa ẹran, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ ènìyàn lójú tàbí kó kán an léyín. Ó sì pàṣẹ pé ẹni tí ó bá gbé ọfà gba inú mọ́sálásí tàbí ọjà kọjá, kí ó di ẹnu ọfà náà mú. Bí ó bá ṣọ́ra báyìí nítorí òkò àti ọfà, kí ni a ó sọ nípa ìbọn ṣakabùlà tí a yìn ní òru sí ohun tí ojú rẹ̀ ń dán nínú iná orí?

Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, Súrà An-Nisā', āyah 92, ti la ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀: ìdásílẹ̀ ẹrú kan, àti owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ẹbí òkú àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí ẹrú dá sílẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ṣé nítorí òkété kan ni a ó ṣe ru irú ẹrù yìí?

Iná ìgbẹ́ ńkọ́? Àwọn kan a máa tiná bọ igbó kí ọ̀yà lè jáde. Igi kòkó a máa gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, ṣùgbọ́n wákàtí kan péré ni iná fi ń jó o. Ní ọdún 1983, ọ̀gbẹlẹ̀ àti iná ìgbẹ́ ba ọ̀pọ̀ oko kòkó jẹ́ ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ẹni tí iná rẹ̀ bá jó oko olóko, gbèsè ni ó jẹ.

Ẹ má sì gbàgbé irú àkókò tí a wà. Nítorí àìfararọ àti ìjínigbé ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ọ̀dọ́ tí ó gbé ìbọn wọ oko láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, olóko lè pè é ní ajínigbé. Olóko náà lè dẹ tákúté síbẹ̀, ta ni yóò kìlọ̀ fún un?

TA NI A Ó BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ RẸ̀?

Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí ni kí a lọ bá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń dáko níbẹ̀, kí a bi òun náà, nítorí òun ni ó ni ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀. Bí a kò bá mọ olówó ilẹ̀, kí a lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ abúlé. Abéèrè kì í ṣìnà. Igbó ọba wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba, kì í ṣe igbó aláìlólówó. Old Oyo National Park, tí ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991, òfin kọ ọdẹ níbẹ̀ pátápátá. Ìbọn náà sì ní ìwé àṣẹ tí a ń gbà.

BÍ A ṢE Ń BÉÈRÈ

1. Kí a lọ ṣáájú ọjọ́ ọdẹ, ní ọ̀sán, kí a má kó ajá àti ìbọn dání. Kí a sálámà, kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ tàbí tẹríba, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀, bí àṣà ibẹ̀ bá ti rí.

2. Kí a sọ orúkọ wa, ilé wa, iye tí a jẹ́, ohun tí a ó mú dání, ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ lè sọ pé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ wá dẹ ọ̀yà lẹ́yìn oko yín ní ọjọ́ Sátidé. Ibo ni ẹ kò fẹ́ kí a dé?”

3. Bí a kò bá gbọ́ èsì, kí a má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. Abū Mūsā al-Ash'arī (r.a.) ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Umar (r.a.), ó sì padà. Nígbà tí Umar bi í, ó ní ohun tí Ànábì kọ́ wọn nìyẹn, Abū Sa'īd al-Khudrī sì jẹ́rìí rẹ̀.

4. Bí wọ́n bá ní rárá, kí a dúpẹ́, kí a padà. Kí a má fi ìbínú sọ̀rọ̀, kí a má sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

5. Ibi tí ìyọ̀ǹda mọ ni kí a mọ. Ìyọ̀ǹda ọ̀sán kì í ṣe ti òru. Ti ènìyàn méjì kì í ṣe ti mẹ́wàá. Ti ọdún tó kọjá kì í ṣe ti ọdún yìí. Bí a bá ṣetán, kí a lọ dágbére, kí a fi ohun tí a pa han olóko, kí a sì bù fún un.

ẸRAN TÍ A TI PA LÁÌBÉÈRÈ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹran igbó kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni títí ọwọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí a bá pa á ní ìlànà ẹ̀sìn, kò di òkúnbete nítorí pé a kò gba ìyọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Túúbà rẹ̀ kò sì pé pẹ̀lú àdúà nìkan: kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu pé òun kò ní padà sídìí rẹ̀, kí ó sì lọ bẹ olóko, kí ó san ohun tí ó bàjẹ́.

Ẹran tí ó bá wà nínú tákúté ẹlòmíràn yàtọ̀ pátápátá. Òun ni ó ni í. Imām Mālik gbà á wá nínú Muwatta' pé nígbà tí Ànábì (s.a.w.) ń lọ sí Mákà nínú ihrām, wọ́n rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ igbó kan tí ẹnìkan ti ta lọ́fà ní Rawhā'. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, olówó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọkùnrin náà, al-Bahzī, dé lóòótọ́, ó sì fi ẹran náà jì wọ́n. Ìgbà yìí ni Ànábì tó ní kí Abū Bakr (r.a.) pín in fún àwọn ènìyàn.

Ẹ̀YIN ARÁBÌNRIN NÁÀ

Ẹ má rò pé ẹ̀kọ́ yìí kò kàn yín. Ìgbín tí a ń ṣà ní òru nígbà òjò, igi ìdáná, olú, èso èmí tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi olóko: ìlànà kan náà ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un. Ìyá tí ó bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ báyìí ti tọ́ ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ Ẹ̀KA

1. Ilẹ̀ wo ni àwọn ará àdúgbò rẹ yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn, èwo ni wọn kò yọ̀ǹda?
2. Bí olórí ẹbí bá gbà, tí ẹni tí ń dáko níbẹ̀ sì kọ̀, kí ni kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ṣe?
3. Ajá rẹ lé ẹran wọ oko tí o kò béèrè. Kí ni wàá ṣe?

Kí Ọlọ́hun fi ohun tí ó jẹ́ háláálì tẹ́ wa lọ́rùn, kí Ó sì má jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà lọ́rùn wa ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.